Bí A Ṣe Kọ́ Láti Wo Eré Pétanque ní Ṣábẹ

Àwọn àgbà wa ní ẹkùn Kétu àti Ṣábẹ a máa sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òwe náà ń yìn. Lójú tiwa, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú pẹ̀lú: ìran wíwò jẹ́ iṣẹ́ tí ojú ń ṣe, ó lè ṣe é dáadáa, ó sì lè ṣe é tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi ń kọjá lẹ́bàá àwọn tó ń ta pétanque ní Ṣábẹ, tí ojú wa ń ṣe é tì. A ń rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n tẹ̀ba lórí ilẹ̀ pupa, tí wọ́n ń fi okùn wọn àlàfo àárín irin méjì, tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí. A ó kí wọn, wọn ó dáhùn, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìtìjú ló mú wa dúró. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gba àlejò ìdíje pétanque ti gbogbo àgbáyé ní Kútọnu: ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ẹni méjì-méjì, àti èyí tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti jọ ń ṣe ikọ̀ kan. Díẹ̀ nínú wa wọ ọkọ̀ láti Ṣábẹ, ìrìn-àjò nǹkan bí 250 kìlómítà, wọ́n sì jókòó láàárín àwọn òǹwòran. Nígbà tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, àwọn náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, a ní kí wọ́n ròyìn fún wa. Wọ́n ní òòrùn mú, wọ́n ní àwọn àlejò pọ̀. Ta ló borí? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe borí? Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ilé wa ni àgbáyé wá ṣeré sí, a sì jókòó níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́.

Ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òǹwòran kan, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ọ́ kí á tó sọ tiwa. Ní Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní jeu provençal. Ibi tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí nínú eré yìí jìnnà, ó lè tó mítà 15 sí 20, ẹni tó bá sì fẹ́ fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kọlu ti ẹlòmíràn ní láti sáré gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ó tó jù ú. Ní ìlú La Ciotat, létí òkun, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Jules Lenoir. Ọ̀jáfáfá ni nínú eré yìí kí làkúrègbé tó dé sí i lára. Kò lè sáré mọ́. Ó di ẹni tí ń jókòó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ernest Pitiot, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ó dábàá pé kí wọ́n dín ọ̀nà jíjìn náà kù, kí wọ́n fa òbìrípo sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ jù dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì láìsáré rárá. Àwọn kan ní ọdún 1907 lèyí ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn ní 1910 ni. Ní La Ciotat kan náà, ní 1910, ni wọ́n ti ṣe ìdíje àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ náà. Nínú èdè Provence, ẹsẹ̀ tí a gún mọ́lẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí pétanque ti wá.

Nígbà náà, igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lára yíká ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù náà. Ìparí àwọn ọdún 1920 ni Jean Blanc bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ti irin ní Saint-Bonnet-le-Château, irin ni ó sì jẹ́ títí di òní, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 650 gíráàmù tàbí kí ó ju 800 lọ. Àjọ àwọn ará Faransé dúró ní 1945, ti gbogbo àgbáyé dúró ní 1958. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní Spa, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò fara sin. Abẹ́ ìjọba Faransé ni Dàhòmì wà nígbà tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀, ibikíbi tí sójà, akọ̀wé àti oníṣòwò Faransé bá sì dé, wọ́n a máa gbé e dání. Ọ̀nà irin tó ti Kútọnu wá dúró ní Ṣábẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dé Parakou ní àwọn ọdún 1930. Ìlú ibi tí rélùwéè bá parí sí kì í ṣàì ní òṣìṣẹ́ tí kò rí nǹkan ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará Dàhòmì tó kàwé pẹ̀lú lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Ivory Coast àti ní Niger, títí wọ́n fi lé wọn padà wálé, láti Ivory Coast ní 1958, láti Niger ní 1963. Ẹni tó bá ti jókòó ti irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n kó bọ̀.

Èyí gan-an ló fà á tí a kò fi yà sí i. Eré ọ̀gá ni lójú wa, eré ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, eré òyìnbó. A kò bi ara wa léèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti wá.

Bàbá kan wà láàárín àwọn tó ń ta á, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí kò fẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mẹ́fà nínú wa dúró, tí a kí wọn, tí a ní a fẹ́ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàbá ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ dúró sápá ibí yìí, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sójú ilẹ̀." Nígbà tí wọ́n parí ọwọ́ kan, ó bi wá pé, "Kí lẹ rí?" A ní a rí i pé ẹni tó wọ fìlà ju tirẹ̀ sún mọ́ ọmọ igi kékeré yẹn jù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òpin ìtàn nìyẹn, ta ló sọ ìtàn náà fún wa?

Òfin eré náà kò le, ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀ ọ́n. Wọn a ju bọ́ọ̀lù igi kékeré kan, èyí tí Faransé ń pè ní cochonnet, sí ibi tí kò dín ní mítà 6, tí kò sì ju mítà 10 lọ. Ikọ̀ méjì a máa ju bọ́ọ̀lù irin wọn kí ó lè sún mọ́ ọn. Ikọ̀ tí tirẹ̀ kò bá sún mọ́ ọn jù ni yóò máa jù lọ, títí yóò fi gba ipò náà tàbí títí irin yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán, iye irin tí ikọ̀ kan ní tó sún mọ́ ọn ju èyí tó dára jù lọ́wọ́ èkejì ni iye ayò tí yóò jẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 13 ló borí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi láìjẹ ẹyọ kan, àṣà kan wà tí àwọn ará Provence fi ń fi í ṣẹ̀sín, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fanny. Kí ẹ bi àwọn àgbà léèrè, a kò lè kọ ọ́ síhìn-ín.

Ohun tí òfin kò sọ ni ojú ní láti kọ́. Bàbá ní ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ kà. Ilẹ̀ Ṣábẹ kì í ṣe ilẹ̀ La Ciotat: ilẹ̀ pupa ni, ó le ní ọ̀gbẹlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀, òjò a sì máa la ojú ọ̀nà sí i tí ènìyàn kò ní rí àfi tí ó bá tẹ̀ba. Ìdí tí àwọn àgbà náà fi ń tẹ̀ba nìyẹn. A ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Ẹni tó fẹ́ jù kò wo ibi tí irin yóò dúró sí. Ó ń wo ibi tí yóò kọ́kọ́ balẹ̀ sí, nítorí láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ló ni ín. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, yóò yí i lọ nílẹ̀ láti ìtòsí. Bí òkúta bá pọ̀, yóò gbé e sókè gan-an kí ó lè já lulẹ̀ wòó, kí ó má sì rìn mọ́. Láti ọjọ́ tí a ti mọ èyí, a kì í wo ọwọ́ mọ́. A ń wo ilẹ̀ kí ọwọ́ tó mì, a ń yan ibi ìbalẹ̀ tiwa lọ́kàn, a sì ń wò ó bóyá èrò wa bá ti ẹni tó ń jù mu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í bá a mu, tí ẹni tó ń jù sì máa ń jàre.

Ẹ̀kọ́ kejì ni kíkà. Ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni a gbà á, inú wa kò sì dùn sí i. Ikọ̀ méjì, ẹni mẹ́ta-mẹ́ta, irin méjì-méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà sí mẹ́fà. Ikọ̀ Bàbá kọ́kọ́ jù, irin wọn dúró ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí cochonnet. Àwọn kejì jù, tiwọn kò dé ibẹ̀, ó dúró ní 60. Àwọn náà ló tún kàn. Wọ́n pe ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa ta irin àwọn ẹlòmíràn kúrò lójú ilẹ̀. Ó ta àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ló bà. Ó ta èkejì: irin kọ lu irin, ti Bàbá fò lọ, tirẹ̀ sì dúró gẹ́lẹ́ síbi tí ti Bàbá ti kúrò, bí ẹni tó lé onílé jáde tó sì jókòó sórí àga rẹ̀. Faransé ń pe èyí ní carreau. A hó yèè. A pàtẹ́wọ́ títí.

Bàbá kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ kà á." Àwọn ọ̀dọ́ náà ti lo mẹ́ta, ó ku mẹ́ta. Ikọ̀ Bàbá ti lo ẹyọ kan, ó ku márùn-ún. Ẹni tó ń sún mọ́ fún wọn wá rọra fi èkejì tirẹ̀ sí iwájú cochonnet, ní 20 sẹ̀ǹtímítà, lójú ọ̀nà gan-an. Atayọ àwọn ọ̀dọ́ kò ní irin kankan lọ́wọ́ mọ́. Mẹ́ta tó kù fún wọn wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í ta: ọ̀kan kúrú, ọ̀kan kọjá lọ, ẹ̀kẹta fara kan ti Bàbá láti ẹ̀yìn, ó sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lọ jìnnà. Ó tán lọ́wọ́ wọn. Ikọ̀ Bàbá ṣì ní mẹ́rin. Wọ́n fi ẹyọ kan ta irin tí a ti pàtẹ́wọ́ fún kúrò níbẹ̀, wọ́n to mẹ́ta yòókù sí àyíká cochonnet bí ẹni tó ń to ìkòkò, wọ́n sì jẹ ayò mẹ́rin. Ohun tó dára jù lọ tí a rí lọ́jọ́ náà ló mú kí àwọn tó ṣe é fìdí rẹmi nínú ọwọ́ náà. Nígbà tí a ń hó, a kò rí i pé owó ńlá ni wọ́n fi ra ìyìn yẹn.

Ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀, nítorí ọmọ aláyò ni wá. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń wo ayò kò gbọdọ̀ wo ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́, pé iye tó kù nínú ihò ni ọ̀rọ̀ wà? Bí a bá bá àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi, a ó ní, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ́ o." Wọn a sì dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ìkíni yìí fi hàn pé òǹwòran náà ní ipò tirẹ̀ nínú eré ayò, pé ó mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí ọ̀pẹ́ kí ó tó ya ẹnu rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Òǹwòran ayò a máa sọ̀rọ̀ sí i, a máa fi oríṣiríṣi yẹ̀yẹ́ gbe ọ̀pẹ́ lẹ́sẹ̀. Nínú pétanque, òfin ló sọ ọ́: nígbà tí ẹnì kan bá wà nínú òbìrípo, tí ó ní ìṣẹ́jú kan láti jù, kí òǹwòran dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwa tí a ti mọ́ lára láti máa fi ariwo ṣe ìrànlọ́wọ́, ìdákẹ́jẹ́ yìí ló nira jù fún wa láti kọ́. Ó gbà wá ní oṣù díẹ̀ kí á tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ ara ìran, pé nínú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ bí irin ṣe ń dún lórí òkúta, a sì ń ti ara dídún yẹn mọ̀ bóyá ibi tó yẹ ló balẹ̀ sí.

Lẹ́yìn tí irin bá dúró tán, ẹnu a là. Ibẹ̀ ni a ti rí ìṣòro tí ó kan ìwé ìròyìn bí tiwa yìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ohun tí a rí, ti Faransé ni: pointer, tirer, carreau, mène, donnée. Àwọn àgbà náà ń sọ èdè Ṣábẹ pọ́nńbélé nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa oko, wọ́n a sì di ará Provence ní kété tí wọ́n bá tẹ̀ba lórí irin. A kò rí àléébù nínú ọ̀rọ̀ àyálò. Ìdajì ìwé yìí ni a fi Faransé kọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá lè sọ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ bí ọwọ́ kan ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tíì wo ọwọ́ náà tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tiwa tó lọ sí Kútọnu nìyẹn: àgọ́ etí wọn kún fún ọ̀rọ̀ tí kò ní gbòǹgbò lọ́kàn wọn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Mène di ọwọ́, èyí kò le. Donnée di ibi ìbalẹ̀. Ẹni tó ń pointer, a pè é ní asúnmọ́. Tireur ni a jiyàn lé lórí jù, kí ẹnì kan tó rántí eré àrìn tí a ń ta ní kékeré, níbi tí ọmọ àrìn kan ti ń ta èkejì dànù. A pè é ní atayọ, nítorí ó ń ta nǹkan yọ, àti nítorí pé ẹni tó bá ṣe é dáadáa ti tayọ. Carreau di ìgbapò. Cochonnet nìkan ló ṣẹ́ wa lápá. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín a sì máa pa àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa nígbà tí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí á pè é ní àmì. Bàbá ní òun ti ń pè é ní cochonnet láti ìgbà èwe òun, òun kò ní yí orúkọ rẹ̀ padà lójú ogbó.

Àwọn mìíràn ti sọ eré yìí di tiwọn ṣáájú wa. Ní Thailand, tí Faransé kò jẹ gàba lé rí, ìyá ọba, Srinagarindra, ló fẹ́ràn rẹ̀ tó sì tàn án káàkiri. Àwọn obìnrin ilẹ̀ náà wà lára àwọn tó dára jù lágbàáyé báyìí. Tunisia gba ife àgbáyé ti ẹni mẹ́ta-mẹ́ta ní 1997, ní Montpellier, lórí ilẹ̀ Faransé gan-an. Madagascar gbà á ní 1999. Ní 2016, ní Antananarivo, Madagascar tún gbà á, ikọ̀ tí wọ́n sì bá pàdé ní àṣekágbá ni ti Bẹ̀nẹ̀. Èyí ló máa ń dùn wá jù bí a bá rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dé àṣekágbá àgbáyé, ọ̀pọ̀ wa kò sì gbọ́; ìwọ̀nba àwọn tó gbọ́ kò mọ ohun tí wọn ì bá bi wọ́n léèrè.

Wọ́n ti sọ fún wa pé eré tí kò dùn ún wò ni. Nígbà tí àwọn àjọ eré bọ́ọ̀lù jíjù ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba tiwọn sínú Òlíńpíìkì Paris 2024, nílẹ̀ ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọn kò mú un. Ijó breaking wà lára àwọn tí wọ́n mú ní 2019. A kò bá oníjó jà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi adùn ìran wọn eré, ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi òǹwòran léèrè iye ọjọ́ Àìkú tí ó ti fi dúró.

Tiwa ti ju ogójì lọ báyìí. Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀dọ́bìnrin ni àwọn méjèèjì, ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n ti wọ inú òbìrípo. Ọ̀kan fẹ́ jẹ́ atayọ, kò sì tíì lu nǹkan kan tó tó sọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá tún bi wá ní ìbéèrè ti ọjọ́ kìíní. Èyí tó kéré jù nínú wa ló dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òjò àná ti la ojú ọ̀nà sí lápá òsì, ó ka irin tó wà lọ́wọ́ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sọ ẹni tó ṣìṣe àti ìgbà tí ó ṣìṣe é. Èdè Ṣábẹ ló fi sọ ọ́ tán, yàtọ̀ sí cochonnet. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní irin kan wà tí ó kà ní méjì. Wọ́n jọ tẹ̀ba, wọ́n sì nawọ́ gba okùn.